Áńtíbọ́dì tó ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé lẹ́yìn ìtọ́jú làkúrègbé Lyme: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ojú-ewé yìí wà fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ti gba ìtọ́jú làkúrègbé Lyme, tí orúnkún ọmọ náà ti ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣì ń gbé "positive" jáde. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, láti Maryland àti Pennsylvania títí dé New Jersey, New York, Connecticut àti Massachusetts, nítorí pé ibẹ̀ wà lára ibi tí àìsàn yìí ti wọ́pọ̀ jù lọ. Ohun tí a kọ síbí kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ dókítà tó ń fojú rí ọmọ yín. Ó wà kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ óò bi í nígbà tí ẹ bá jókòó níwájú rẹ̀.

Kí ni a ń pè ní làkúrègbé Lyme, ọ̀nà wo ló sì ń gbà dé ara ọmọ?

Bakitéríà kan tí ń jẹ́ Borrelia burgdorferi ló ń fa àìsàn Lyme, eégbọn ló sì ń gbé e kiri. Èyí tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni Ixodes scapularis, eégbọn ẹlẹ́sẹ̀ dúdú, tó máa ń kó bakitéríà náà nígbà tó bá mu ẹ̀jẹ̀ èkúté inú igbó, tí yóò sì gbé e wá fún ẹ̀dá mìíràn nígbà tí ebi bá tún ń pa á. Eégbọn tí kò tíì dàgbà tán ló ń ran èèyàn jù, kò sì ju mìlímítà kan sí méjì lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òbí fi máa ń búra pé eégbọn kankan kò lẹ̀ mọ́ ọmọ àwọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara tó ọjọ́ kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí bakitéríà náà tó ráyè wọlé.

Láàárín ọjọ́ 3 sí 30, àmì róbótó kan lè yọ níbi tí eégbọn ti jẹ ọmọ, kó sì máa fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Ohun tí ìwé máa ń sọ ni pé àmì náà pupa. Lára ọmọ tó dúdú, ó lè má pupa rárá. Ó lè kàn ṣókùnkùn ju awọ tó yí i ká lọ, bí ibi tí ọmọ ti fara gbá nǹkan. Èyí wà lára ìdí tí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà fi ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé Lyme ni, tí ó sì máa ń jẹ́ pé orúnkún á ti wú kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àìsàn náà.

Tí a kò bá tọ́jú rẹ̀ nígbà náà, bakitéríà náà lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn títí dé oríkèé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, orúnkún kan (nígbà mìíràn, méjèèjì) á wú, á kún fún omi. Ohun tó ń rú àwọn òbí lójú ni pé wíwú náà máa ń pọ̀ ju ìrora lọ: ọmọ tí orúnkún rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ á ṣì máa rìn lọ sílé ẹ̀kọ́, á kàn máa tiro díẹ̀.

Ara àwọn ọmọdé gan-an ni a ti kọ́kọ́ mọ àìsàn yìí. Ní 1975, àwọn ìyá kan ní agbègbè ìlú Lyme, ní Connecticut, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí oríkèé wọn ń wú ti pọ̀ jù ládùúgbò wọn, wọn kò sì gbà nígbà tí àwọn kan sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Polly Murray ni orúkọ rẹ̀ yọ jù nínú wọn. Dókítà Allen Steere àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Yale lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1977 pé èèyàn 51 ni àwọn rí, 39 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ní 1981 ni Willy Burgdorfer wá rí bakitéríà náà nínú àwọn eégbọn tí wọ́n kó wá láti Shelter Island, ní New York, òun ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ bakitéríà náà.

Kí ni áńtíbọ́dì, kí sì ni IgM àti IgG tó wà lórí ìwé èsì?

Áńtíbọ́dì ni èròjà tí ara ń ṣe láti fi dá kòkòrò àrùn kan mọ̀, kó sì dojú kọ ọ́. IgM ló máa ń kọ́kọ́ yọjú, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí àrùn bá wọlé. IgG máa ń tẹ̀ lé e, òun ló sì máa ń lágbára jù nígbà tó bá yá. Nítorí pé làkúrègbé kì í dé títí ọ̀pọ̀ oṣù á fi kọjá, IgG ọmọ tó ní i sábà máa ń pọ̀ gan-an lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tí orúnkún ọmọ bá wú tí kò sì sí IgG rárá, ó yẹ kí dókítà wá nǹkan mìíràn lọ.

Ọmọ mi ti lo oògùn tán, ó sì ti ń sáré. Kí ló dé tí èsì àyẹ̀wò fi ṣì jẹ́ "positive"?

Nítorí pé àyẹ̀wò náà kò wá bakitéríà. Áńtíbọ́dì ló ń wá, áńtíbọ́dì kì í sì í bá bakitéríà jáde lára lọ́jọ́ kan náà. Gbogbo ojú-ewé yìí dá lé gbólóhùn yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó ka ìyókù.

Bí èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yé wa. Èròjà IgG kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́ láyé. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdajì èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á ti tán. Tí ẹ bá wá rí IgG lẹ́yìn ọdún kan, ó túmọ̀ sí pé ara ṣì ń ṣe òmíràn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìtumọ̀ mú, tí wọ́n á ní, "Tí ara bá ṣì ń ṣe é, àrùn náà ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe áńtíbọ́dì, nígbà tí àrùn bá pẹ́ lára tó, á lọ fìdí múlẹ̀ sínú mùdùnmúdùn eegun, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ láìsí kòkòrò kankan tó ń tì wọ́n. Ẹ wo káàdì àjẹsára ibà pọ́njú tí a ń mú dání tí a bá ń rìnrìn àjò lọ sí Nàìjíríà: láti 2016, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni lójú òfin ìrìn-àjò àgbáyé, nítorí pé áńtíbọ́dì tó ti inú rẹ̀ wá kì í tán bọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó máa rí áńtíbọ́dì yẹn kó ní ibà pọ́njú ń ṣe yín lọ́wọ́.

Ti ọmọ tó ní làkúrègbé tún lágbára ju ti ọmọ tí a tọ́jú nígbà tí àmì róbótó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ. Bakitéríà náà ti wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ara rẹ̀ ti rí onírúurú apá bakitéríà náà, ó sì ti ṣe áńtíbọ́dì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í parẹ́ kíá.

Yóò ti pẹ́ tó kí ó tó lọ?

Ó lè pẹ́ ju bí ẹ ti rò lọ, ó sì lè má lọ tán. Ìwádìí tó fi èyí hàn kedere jáde ní 2001, láti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tó padà lọ bá àwọn èèyàn agbègbè Lyme tí wọ́n ti ní àìsàn náà láàárín ọdún 10 sí 20 sẹ́yìn, tí àìsàn náà kò sì ṣe mọ́. Nínú àwọn 40 tí tiwọn kò kọjá ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, 10 ṣì ní IgG. Nínú àwọn 39 tó ní làkúrègbé, 24 ló ṣì ní in. Kódà IgM, tí gbogbo ayé gbà pé ó máa ń tètè lọ, ṣì wà lára 4 nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ àti 6 nínú èkejì. Àwọn tó ti dàgbà wà nínú wọn, kì í ṣe ọmọdé nìkan, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ọmọdé kò yàtọ̀ sí èyí.

Ìwádìí mìíràn, tó jáde ní 1991, tún ṣe pàtàkì nítorí pé ọmọdé nìkan ló dá lé. Àwọn ọmọ 46 ni, àìsàn náà mú wọn láàárín 1976 sí 1979, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé bakitéríà ló ń fà á. Nítorí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, ọdún mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó rí oògùn apakòkòrò kankan lò. Oríkèé wọn ń wú, ó ń lọ, ó tún ń padà wá, ṣùgbọ́n iye àwọn tí ó ń padà wá bá ń dín kù lọ́dọọdún. Áńtíbọ́dì wọn kò bá wíwú náà lọ. Ó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìwé èsì náà kún fún àwọn nọ́ńbà tí a kò mọ̀. Báwo ni a ṣe ń kà á?

Ìpele méjì ni àyẹ̀wò náà ní. Ti àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní EIA tàbí ELISA, máa ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo hàn. Tí ó bá kọjá ààlà tí láàbù fi lélẹ̀, wọn á lọ sí ipele kejì. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà láàbù kan wé ti òmíràn, ẹ má sì ṣe rò pé tí ó bá lọ láti 6 sí 5, àrùn náà ti dín kù, tàbí pé tí ó bá lọ láti 5 sí 6, ó ti ń pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, lè fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn.

Ipele kejì tó pẹ́ jù ni Western blot. Wọ́n á tẹ́ àwọn èròjà bakitéríà náà sórí pélébé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní títóbi sí kékeré, wọ́n á da omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ lé e, ibikíbi tí áńtíbọ́dì bá sì ti rí èyí tó mọ̀, ìlà dúdú kan á yọ níbẹ̀. Àwọn ìlà yẹn ni 18, 23, 28, 30, 39, 41, 45, 58, 66 àti 93 tí ẹ ń rí lórí ìwé. Láti ìpàdé tó wáyé ní Dearborn, ní Michigan, ní 1994 ni wọ́n ti fi í ṣe òfin pé ó gbọ́dọ̀ tó ìlà 5 nínú 10 kí a tó pe IgG ní "positive", àti ìlà 2 nínú 3 fún IgM. Ìlà 41 nìkan kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn, títí kan àwọn tó ń gbé ẹnu wa láìṣe wá ní ibi, ní èròjà tó jọ ọ́; mo ti rí i tí òbí kò sùn lóru nítorí ìlà 41 kan ṣoṣo.

Ọmọ tó ní làkúrègbé máa ń ní ju ìlà 5 lọ dáadáa, ó sì lè ní gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ìlà kan tàbí méjì lè rẹ̀ dànù bí oṣù ti ń gorí oṣù, tí àwọn yòókù á sì dúró gbọn-in. Láti 2019, àwọn láàbù kan ní Amẹ́ríkà ti ń fi EIA kejì rọ́pò Western blot, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí ìwé tuntun kò bá ní ìlà kankan mọ́.

IgM ọmọ wa ni ó tún jáde sí "positive". Ṣé àrùn tuntun nìyẹn?

Rárá, kì í ṣe lórí ẹ̀rí yẹn nìkan. IgM wúlò ní ọjọ́ 30 àkọ́kọ́ àìsàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè pẹ́ lára, ó sì lè jáde nítorí àrùn mìíràn pátápátá, irú bí ibà tí kòkòrò Epstein-Barr máa ń fà lára àwọn ọmọdé. Ọmọ tó ti ní làkúrègbé ti kọjá ọjọ́ 30 tipẹ́tipẹ́.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí a tún àyẹ̀wò áńtíbọ́dì ṣe láti mọ̀ bóyá oògùn náà ṣiṣẹ́?

Kò yẹ. Àwọn onímọ̀ tó kọ ìlànà ìtọ́jú Lyme kò gbà á níyànjú, ìdí rẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí ẹ ti kà lókè yìí. Tí ó bá jáde sí "positive", kò sọ nǹkan tuntun kan fún yín. Tí ó bá jáde sí "negative", kò sọ ju ohun tí orúnkún ọmọ náà ti sọ lọ. Ní tèmi, ohun tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ máa ń bí jù ni ìbẹ̀rù, lẹ́yìn ìbẹ̀rù ni oògùn tí ọmọ kò nílò. Tí ọ́fíìsì dókítà bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ lè fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni èsì náà yóò yí padà nínú ìtọ́jú ọmọ yìí?" Tí kò bá sí ìdáhùn tó ṣe gúnmọ́, ẹ lè ní kí wọ́n má ṣe é.

Kí ni a ó wá fi mọ̀ pé ọmọ ti sàn?

Orúnkún rẹ̀ ni. Ẹ wo bí dókítà ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò: ọmọ á nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ti omi tó wà lókè orúnkún wá sísàlẹ̀, á sì fi ìka ọwọ́ kejì tẹ eegun pélébé tó wà lójú orúnkún náà. Tí omi bá ṣì pọ̀ níbẹ̀, eegun yẹn á rì, á kan eegun ìsàlẹ̀, á tún léfòó padà. Tí omi bá ti lọ, kò sí ibi tí eegun náà á rì sí. Lẹ́yìn náà, á ní kí ọmọ ká ẹsẹ̀ títí gìgísẹ̀ rẹ̀ á fi kan ìdí, kó sì nà án títí ẹ̀yìn orúnkún á fi lẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, á sì fi ẹsẹ̀ kejì wé e.

Nílé, ẹ lè máa kíyè sí bí ọmọ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní òwúrọ̀, nígbà tí ara ṣì le. Ẹ tún wo itan rẹ̀: itan ẹsẹ̀ tó wú sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju èkejì lọ nítorí pé ọmọ kò lò ó dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìyẹn ló ń mú kó ṣì máa tiro nígbà tí àrùn ti tán. Ìdárayá tí a fi ń fún iṣan itan lókun ló ń wo ìyẹn sàn, kì í ṣe oògùn apakòkòrò.

Ọjọ́ 28 ti pé, síbẹ̀ orúnkún ṣì wú. Ṣé oògùn kò ṣiṣẹ́ nìyẹn?

Ó lè jẹ́ pé ó ti ṣiṣẹ́. Oògùn á pa bakitéríà, ṣùgbọ́n awọ tó tẹ́ inú oríkèé ti wú, ó ti nípọn, ó sì nílò ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kó tó rọlẹ̀. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àrùn àkóràn, ti àwọn onímọ̀ iṣan ara àti ti àwọn onímọ̀ oríkèé ní Amẹ́ríkà jọ gbé jáde ní 2020 sọ pé kí a kọ́kọ́ lo oògùn ẹnu fún ọjọ́ 28. Amoxicillin ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn ọmọ kéékèèké, mìlígíráàmù 50 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, tí a pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Doxycycline náà wà, mìlígíráàmù 4.4 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, tí a pín sí méjì. (Wàrà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú kì í jẹ́ kí doxycycline wọ ara dáadáa, nítorí náà ẹ má ṣe fún ọmọ ní wọn papọ̀.)

Tí orúnkún bá ti lọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì tán, dókítà lè ní kí a ṣì máa wò ó, tàbí kí a tún oògùn ẹnu lò lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí kò bá lọ sílẹ̀ rárá, tàbí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, abẹ́rẹ́ ceftriaxone tí a ń gbà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló kàn. Ẹ kíyè sí i pé orúnkún ni gbogbo ìpinnu wọ̀nyí dá lé. Iye áńtíbọ́dì kò sí nínú ìṣirò náà níbì kankan.

Abẹ́rẹ́ náà ti parí, orúnkún ò lọ sílẹ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lára àwọn tó ní làkúrègbé Lyme ni wíwú náà ń bá fínra lẹ́yìn oògùn ẹnu àti abẹ́rẹ́. Kò sí ẹ̀rí pé bakitéríà tó wà láàyè ló fà á. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí jù ni pé ètò ìdáàbòbò ara ọmọ náà ló kọ̀ láti gbé ohun ìjà sílẹ̀. Àwọn tí a bí pẹ̀lú irú àmì sẹ́ẹ̀lì kan, HLA-DR4, wà lára àwọn tí èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Ní 2019, ìwádìí kan fi hàn pé èérún ògiri ara bakitéríà náà, tí wọ́n ń pè ní peptidoglycan, ṣì máa ń wà nínú omi oríkèé lẹ́yìn tí bakitéríà fúnra rẹ̀ ti kú, èérún yìí sì lè máa tọ́ ara níjà.

Níbí ni irú áńtíbọ́dì kejì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Lára àwọn kan tí oríkèé wọn kò tètè rọlẹ̀, wọ́n ti rí áńtíbọ́dì tó dojú kọ èròjà ara ọmọ-ènìyàn fúnra rẹ̀, pàápàá àwọn èròjà tó pọ̀ nínú awọ oríkèé tó wú. Èyí kì í ṣe ohun tí àyẹ̀wò Lyme ń wò, láàbù ìwádìí nìkan ni wọ́n ti ń wá a, a kò sì lè fi í ṣe ìpinnu lórí ọmọ kan. Ohun tó fi yé wa ni ìdí tí oògùn apakòkòrò tún fi jẹ́ òfo lákòókò yìí. Dókítà àìsàn oríkèé ọmọdé ló kàn, òun á sì lo oògùn tó ń dẹ ara lọ́wọ́ ìjà, irú bíi methotrexate, tàbí abẹ́rẹ́ inú orúnkún. Ó máa ń rọlẹ̀ níkẹyìn. Àwọn dókítà ní Connecticut tó tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó ní làkúrègbé yìí fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n sì kọ èsì wọn jáde ní 1998, rí i pé ara ọ̀pọ̀ jù lọ wọn le bí ti àwọn ọmọ yòókù.

Ọ̀rẹ́ wa kan ní ká lọ sí láàbù mìíràn, kí a sì gba abẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́fà títí áńtíbọ́dì á fi tán.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn láàbù kan ń ta àyẹ̀wò tí kò sí ẹ̀rí pé ó péye, tí wọ́n sì ń lo òfin tiwọn láti ka ìlà, tó fi jẹ́ pé bóyá ni ẹnikẹ́ni ń lọ síbẹ̀ kó má bá "positive" padà. Ní ti oògùn, kò sí èyí tó ń lé áńtíbọ́dì lọ, nítorí náà ẹni tó bá ní òun á máa gba abẹ́rẹ́ títí áńtíbọ́dì á fi tán kò ní òpin tó ń lọ. Ìwádìí tó jáde ní 2001, tí wọ́n ṣe lára àwọn àgbà tí ara wọn kò yá lẹ́yìn ìtọ́jú Lyme, fi hàn pé oògùn oṣù mẹ́ta kò ṣe ju oògùn àfarawé, tí kò ní agbára kankan nínú, lọ.

Ewu rẹ̀ sì kì í ṣe kékeré. Rọ́bà tí wọ́n ń tì bọ iṣan fún abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè gbé àkóràn lọ sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà. CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, kọ nípa irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2017, ikú sì wà lára ohun tó yọrí sí. Ceftriaxone máa ń dì sínú àpò òróòro: láàárín 1990 sí 1992, àwọn kan ní New Jersey tí wọ́n ń gbà á nítorí pé a fura sí Lyme ni wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ yọ àpò òróòro wọn.

Ọmọ wa ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣé ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ ní ọ̀nà méjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí i dájú pé dókítà tó ń tọ́jú orúnkún mọ̀. Èkíní ni pé oríkèé wíwú lára ọmọ tó ní SS lè jẹ́ ti àìsàn náà fúnra rẹ̀, tàbí àkóràn inú eegun tó nílò ìtọ́jú lọ́jọ́ náà gan-an. Áńtíbọ́dì Lyme tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ láti ọdún tó kọjá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ lẹ́rán, kó ní Lyme ló padà dé. Tí ibà bá wà, tí ọmọ kò sì lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Èkejì ni pé ceftriaxone, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, máa ń mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa tirẹ̀, ó sì ti pa àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde rí. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó fún wọn, ṣùgbọ́n tí ó bá ti gbà á rí tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ kankan.

Ǹjẹ́ áńtíbọ́dì tó ṣẹ́ kù lè ṣe ọmọ ní jàǹbá? Ṣé ó ń dáàbò bò ó?

Áńtíbọ́dì tó dojú kọ bakitéríà náà kò ṣe é ní nǹkan kan. Ní ti ààbò, àwọn tó ti ní làkúrègbé Lyme kì í sábà tún kó o, a sì gbà pé agbára áńtíbọ́dì wọn wà lára ìdí rẹ̀. Àwọn tí a tọ́jú kíákíá nígbà tí àmì róbótó yọ ni wọ́n ń tún kó o lẹ́ẹ̀kejì. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbára lé e.

Tí eégbọn bá tún jẹ ọmọ náà ńkọ́?

Ẹ fi ohun tín-ínrín tó ní ẹnu mú eégbọn náà níbi tó sún mọ́ awọ jù, kí ẹ sì fà á sókè tààrà láìlọ́ ọ. Ẹ má fi iná kàn án, ẹ má fi epo pa á. Tí ó bá jẹ́ eégbọn ẹlẹ́sẹ̀ dúdú, tó ti lẹ̀ tó wákàtí 36, tí wákàtí 72 kò sì tíì kọjá tí ẹ yọ ọ́, dókítà lè fún ọmọ ní doxycycline ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láti dènà àrùn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè ràn yín lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé yóò jẹ́ "positive" láti ti àná. Awọ ara ni kí ẹ máa ṣọ́ fún oṣù kan, kí ẹ ya fọ́tò ohunkóhun tó bá ń fẹ̀ sí i.

Ṣé àwọn àbúrò rẹ̀ lè kó o lára rẹ̀?

Rárá. Eégbọn nìkan ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n ọgbà kan náà ni wọ́n jọ ń ṣeré nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ máa yẹ ara gbogbo wọn wò, pàápàá ẹ̀yìn etí, abíyá, ìdodo àti ẹ̀yìn orúnkún.

A fẹ́ gbé ọmọ lọ sílé fún ìsinmi. Kí ni ká sọ fún dókítà níbẹ̀?

Eégbọn tí a ń rí lára ajá àti màlúù ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe irú èyí tó ń gbé Lyme kiri ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ọ̀pọ̀ dókítà nílé kò ní ìdí láti máa fi ojoojúmọ́ ronú nípa rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé èsì àkọ́kọ́ dání, àti orúkọ oògùn tí ọmọ lò pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Tí ibà bá mú un níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ibà ẹ̀fọn bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ yòówù. Tí orúnkún náà bá tún wú, ẹ sọ fún wọn pé ó ti ní làkúrègbé Lyme, pé áńtíbọ́dì rẹ̀ á ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, àti pé omi inú orúnkún náà ni kí wọ́n fà jáde fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó pinnu ohun tó ń ṣe é.